Alárobọ̀ Inú Kọ̀ǹpútà: Ohun tí Ọjà Òjé Kọ́ Mi nípa Ọjà Ìpín Ìdókòwò

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ wà níjòókòó, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin aláṣọ òfì tẹ́ ẹ fi ìsọ̀ yín sílẹ̀ kẹ́ ẹ lè wá gbọ́ tẹnu mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí fóònù ò kúrò lọ́wọ́ yín, ọmọ Òjé n'Ìbàdàn ni mí. Bí mo bá pariwo níbi tí mo dúró sí yìí, wọ́n á gbọ́ ọ nílé wa, nítorí náà ẹ má retí kí n máa ṣe bí ọ̀jọ̀gbọ́n.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, mo ní ètò kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ, èyí tó máa ń dá iye lé ìpín ìdókòwò láti àárọ̀ títí ọjà á fi tú, tó ń rà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tà, tó sì ń tà fún ẹni tó fẹ́ rà, kí ọjà má baà dákẹ́. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ṣé alárobọ̀ lo ń pè ní gbogbo èyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n wá jẹun kí ọbẹ̀ tó tutù. Àlàyé lórí ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi yẹn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí.

Ìyá tó bí ìyá mi, alárobọ̀ òfì ni wọ́n. Ọjà òfì Òjé kì í ṣe ọjà ojoojúmọ́, ẹ̀yin náà mọ̀. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún mẹ́tàdínlógún la fi ń ná an, bá a bá ka ọjọ́ tá a ná an kẹ́yìn mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ṣe ń kà á. Àwọn òyìnbó tó kọ̀wé nípa ọjà ilẹ̀ Yorùbá máa ń kọ ọ́ pé mẹ́rìndínlógún. Àwọn náà ò purọ́. Ní ìdájí ọjọ́ ọjà, àwọn ahunṣọ láti Ìséyìn, láti Ọ̀yọ́, láti Ìlọrin á ti gúnlẹ̀ tẹrùtẹrù. Èmi ni mo máa ń di tọ́ọ̀ṣì mú fún ìyá àgbà. Ahunṣọ á na ẹtù kan sí wọn. Wọn ò ní wo ojú aṣọ náà rárá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n á yí sókè. Wọ́n á fi àtàǹpàkò tẹ etí rẹ̀ lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, níbi tí òwú ti máa ń rọ̀ bí ahunṣọ bá kánjú. Wọ́n á gbé e sí iwájú iná mi, wọ́n á wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ ń là á kọjá. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á tó dárúkọ owó. Bí oníbàárà láti Èkó bá wá nawọ́ sí ẹtù yẹn kan náà ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí i, iye mìíràn ni wọ́n á dá fún un.

Iye méjì lórí aṣọ kan ṣoṣo: iye tí wọ́n fẹ́ rà á, iye tí wọ́n fẹ́ tà á. Àárín méjèèjì la ti ń jẹun nílé wa. Ibẹ̀ náà ni owó iléèwé mi ti wá, mi ò sì tijú rẹ̀.

Àwọn kan máa ń bú alárobọ̀. Wọ́n ní kò hun ún, kò wọ̀ ọ́, síbẹ̀ ó jèrè lórí rẹ̀. Ẹ bi ahunṣọ tó gbọ́dọ̀ padà sí Ìséyìn lọ́sàn-án ọjọ́ náà pẹ̀lú owó òwú lápò. Ìyá ìyàwó tó máa wọ aṣọ yẹn wà lÉkòó, oṣù méjì sí i ni ìgbéyàwó, bóyá wọn ò tíì yan àwọ̀ pàápàá. Ta ló máa gbé ẹtù náà dání láàárín àwọn méjèèjì? Ẹni tó bá gbé e dání ló ru gbogbo ewu rẹ̀: eku, òjò, owó òwú tó lè já wálẹ̀ lọ́la, àrà tuntun tó lè mú kí gbogbo ayé pa àwọ̀ yẹn tì. Owó ewu yẹn ló ń jẹ́ èrè alárobọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá kúrò ní Òjé, ká dé Èkó. Ọdún 1961 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọjà ìpín ìdókòwò ilẹ̀ wa, nǹkan mọ́kàndínlógún péré ló sì wà lórí àtẹ nígbà náà. Ó di Nigerian Stock Exchange lọ́dún 1977, ó di NGX lọ́dún 2021. Ẹ̀ka rẹ̀ ti Ìbàdàn ṣí ní 1990. Títí di 1999, ẹnu làwọn alágbàtà fi ń ná an. Wọ́n á pe orúkọ ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ní ṣíà rẹ̀, ìyẹn ìpín ìdókòwò rẹ̀, á dáhùn, ẹni tó ń wá a á dáhùn. Oṣù kẹrin ọdún 1999 ni kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ náà lẹ́nu wọn.

Ibí yìí lọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé wá ní 1999 kì í ṣe alárobọ̀. Akọ̀wé ni. Ó ní ìwé kan tí ojú rẹ̀ pín sí méjì: apá kan fún àwọn tó fẹ́ rà, èyí tó ga jù lọ lókè, apá kejì fún àwọn tó fẹ́ tà, èyí tó rẹlẹ̀ jù lọ lókè. Bí iye méjì bá pàdé, ó so wọ́n pọ̀. Bí ẹni méjì bá dá iye kan náà, ẹni tó kọ́kọ́ dé ló kọ́kọ́ gbà. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni lápá kan, akọ̀wé á káwọ́ gbera, á máa wò. Kò ní fi owó ara rẹ̀ ra nǹkan kan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra ṣíà báńkì nígbà tí Soludo, gómìnà Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa nígbà náà, ní kí gbogbo báńkì wá ₦25 bílíọ̀nù jọ, ẹ ṣe sùúrù fún mi, mo mọ̀ pé ojú ọgbẹ́ ni mo fẹ́ tẹ̀ yìí. Lọ́jọ́ karùn-ún oṣù kẹta ọdún 2008, òdiwọ̀n ọjà náà gòkè dé 66,371. Nígbà tí oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e fi máa parí, kò tó 20,000 mọ́. Bàbá kan ládùúgbò wa níbí máa ń gbé ìwé ẹ̀rí ṣíà rẹ̀ kiri nínú nílọ́ọ̀nù bí ẹni gbé ìwé ilẹ̀. Wọ́n á dé ọ́fíìsì alágbàtà láàárọ̀, wọ́n á padà lọ́sàn-án. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń gbọ́: a ti kọ ọ́ síbi ìtà, kò sẹ́ni tó rà á.

Mo ṣì rántí ohùn wọn nígbà tí wọ́n ń sọ pé, "Kò sẹ́ni tó rà á bí?" Ohun tó dun bàbá yẹn jù kì í ṣe pé iye já. Àgbà tó ti ta kòkó rí mọ̀ pé iye máa ń já. Àmọ́ kéèyàn gbé ọjà dé ọjà, kó má rí ẹni tó máa bú ú gan-an, ìyẹn ò ṣẹlẹ̀ sí wọn rí. Àwọn aláṣẹ sì dá kún un. Ní oṣù kẹjọ 2008, wọ́n ní iye ṣíà kankan ò gbọdọ̀ já ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ lóòjọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè gòkè tó ìdá márùn-ún. Àánú ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe. Ẹ bá mi rò ó: bí wọ́n bá sọ fún yín pé aṣọ tó ń lọ sí ẹgbàárùn-ún ò gbọdọ̀ já ju ọgọ́rùn-ún náírà lọ lóòjọ́, tẹ́ ẹ sì rí i pé ojoojúmọ́ ló ń já ọgọ́rùn-ún yẹn, ta ló máa rà á lónìí? Gbogbo oníbàárà á lọ jókòó sílé, wọ́n á máa ka ọjọ́.

Irú rẹ̀ kan tún wà tó pẹ́ jù ìyẹn lọ. Òfin ọjà sọ pé ṣíà ò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju 50 kọ́bọ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ṣíà ilé iṣẹ́ abánigbófò ló wá dúró pa sójú 50 kọ́bọ̀ yẹn fún ọdún gbọọrọ. Ẹni tó ní in fẹ́ tà á, ẹni tó máa rà á mọ̀ pé kò tó bẹ́ẹ̀, òfin ò sì jẹ́ kí wọ́n pàdé nísàlẹ̀. Oṣù kìíní ọdún 2018 ni wọ́n tó mú ìdíwọ̀n yẹn wálẹ̀ sí kọ́bọ̀ kan.

Lẹ́yìn ìjàǹbá 2008 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá alárobọ̀. Oscar Onyema, tó ti ṣiṣẹ́ ní ọjà ìpín ìdókòwò Amẹ́ríkà, ló di olórí ọjà náà ní 2011. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án 2012, ilé iṣẹ́ alágbàtà mẹ́wàá ló gba iṣẹ́ náà. Wọ́n pín ṣíà fún wọn. Àdéhùn ibẹ̀ ni pé lójoojúmọ́ tí ọjà bá ṣí, kí wọ́n fi iye méjì síta lórí ṣíà tí wọ́n pín fún wọn, ti ìrà àti ti ìtà, kí ẹni tó bá dé má bá àtẹ òfìfo. Alárobọ̀ tí òfin mọ̀ nìyẹn. Bí mo ṣe gbọ́ ọ, mo rẹ́rìn-ín. Ohun tí ìyá àgbà ń ṣe láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ni wọ́n wá ń kọ òfin fún yìí.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ló kù. Èèyàn ò lè jókòó ti ṣíà ogún kó máa yí iye méjì padà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní gbogbo ìgbà tí nǹkan bá mì. Kọ̀ǹpútà lè ṣe é. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ já ọgbọ́n yìí ni Thomas Peterffy, ọmọ Hungary tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà. Ní 1983, ó kọ́ kọ̀ǹpútà kéékèèké tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń gbé lọ́wọ́ wọ inú ọjà ní New York, kó lè máa sọ iye tó yẹ fún wọn. Ní 1987, ó so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ Nasdaq kó lè máa dá iye fúnra rẹ̀. Aláṣẹ Nasdaq wá wò ó, wọ́n ní ó lòdì sófin: orí bọ́tìnnì ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti máa tẹ ìrà àti ìtà. Peterffy ò jà. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ kámẹ́rà kan tó ń ka ojú ẹ̀rọ Nasdaq, wọ́n wá kọ́ ìka onírin tó ń tẹ bọ́tìnnì náà. Nígbà tí aláṣẹ yẹn padà wá, ó bá ìka onírin níbi tó ti ń tẹ bọ́tìnnì wàràwàrà láìsí ènìyàn nídìí rẹ̀. Ẹni yìí náà ló dá Interactive Brokers sílẹ̀ ní 1993, tó ń jẹ́ kí oníṣòwò kékeré fi kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ná ọjà.

Ohun tí ètò bẹ́ẹ̀ ń ṣe rọrùn lójú. Mú iye àárín, yọ díẹ̀ kúrò, fi díẹ̀ kún un. Ká ní ₦20 ni àárín: kọ ₦19.90 síbi ìrà, kọ ₦20.10 síbi ìtà. Bí ẹnì kan bá tà fún ọ, tí ẹlòmíràn sì rà lọ́wọ́ ẹ, o ti jẹ 20 kọ́bọ̀ lórí ẹyọ kan. Ọmọ girama tó bá mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀ lè kọ èyí lálẹ́ ọjọ́ kan. Owó rẹ̀ lè tán lọ́jọ́ kejì.

Ìyá àgbà kì í dá iye kan náà láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ tí àlàárì bá ti pọ̀ jù ní ìsọ̀, tí ahunṣọ mẹ́ta sì tún kó òmíràn dé, iye tí wọ́n dá fún ahunṣọ kẹrin máa ń lọ sílẹ̀, iye tí wọ́n ń tà á náà á sì lọ sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Iye méjèèjì ló jọ ń rìn. Wọn ò fẹ́ àlàárì mọ́, ṣùgbọ́n wọn ò ní sọ pé àwọn ò ra; wọ́n á kàn jẹ́ kí iye wọn lé àlàárì lọ sí ìsọ̀ ẹlòmíràn. Ní 2008, ọdún tí ọjà tiwa wó gan-an, Marco Avellaneda àti Sasha Stoikov tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde tí gbogbo àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ń lò. Ìṣirò inú rẹ̀ le bí ekuru tó sùn. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi tú u palẹ̀. Ohun tí mo bá nísàlẹ̀ rẹ̀ ni àlàárì ìyá àgbà: bí ẹrù rẹ bá ti pọ̀, fa iye àárín rẹ wálẹ̀; bí ẹrù bá gbẹ lọ́wọ́ rẹ, gbé e sókè; bí ọjà bá sì ń mì tìtì, jẹ́ kí àlàfo iye méjèèjì fẹ̀.

Apá yẹn rọrùn láti kọ́ kọ̀ǹpútà. Èyí tó le ni mò ń bọ̀ wá sọ.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ ọjà kan, mo lè ti tó ọmọ ọdún mọ́kànlá, ọkùnrin kan wọ ìsọ̀ wa. Ó bèèrè sányán. Ìyá àgbà dá iye, èyí tó ga, nítorí gbogbo ayé ló mọ̀ pé sányán ò pọ̀ mọ́, gbogbo ayé ló sì mọ̀ pé wọ́n máa ná an wálẹ̀. Ọkùnrin náà ò ná an. Ó kàn ka owó sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n mú òmíràn wá. Wọ́n mú un wá, ó tún ka owó sílẹ̀. Inú mi dùn, mo ti ń fojú inú wo bàtà tuntun. Nígbà tó bèèrè ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ìyá àgbà ní ó ti tán. Mẹ́rin ṣì wà nínú àpò lẹ́yìn mi! Bí ọkùnrin náà ṣe jáde, wọ́n fa àpò yẹn sábẹ́ ìdí wọn, wọ́n jókòó lé e, wọ́n sì rán mi lọ sí ìsọ̀ méjì mìíràn kí n lọ wò ó bóyá ọkùnrin yẹn ti débẹ̀. Ó ti débẹ̀. Kò ná tibẹ̀ náà. Kí oòrùn tó gbóná, a ti gbọ́ pé ìdílé ńlá kan ń múra òkú àgbà, sányán sì ni wọ́n yàn. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni ìyá àgbà ta mẹ́rin tó kù, ní iye tí mi ò gbọ́dọ̀ sọ níwájú ẹ̀yin oníbàárà.

Mo bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe mọ̀. Wọ́n ní àwọn ò mọ nǹkan kan. Ọkùnrin yẹn ló mọ̀.

Ní 1985, Lawrence Glosten àti Paul Milgrom kọ ìwádìí kan tó di òpó iṣẹ́ wa. Ohun tó dá lé ni pé nínú àwọn tó ń bọ̀ wá bá ọ, àwọn kan kàn nílò owó tàbí ọjà, àwọn kan sì mọ ohun tí ìwọ ò mọ̀. Gbogbo ìgbà tẹ́nì kan bá gba iye rẹ ló ń sọ nǹkan fún ọ nípa bóyá iye náà tọ̀nà. Nítorí náà, lẹ́yìn ìtà kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kí iye rẹ gòkè díẹ̀ kó tó kan ẹni tó kàn. Àlàfo àárín iye méjì kì í ṣe owó ẹrù nìkan. Owó tí o fi ń dáàbò bo ara rẹ lọ́wọ́ ọkùnrin sányán náà wà nínú rẹ̀.

Mo mọ gbogbo èyí, mo sì tún ṣe àṣìṣe. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan kọ ètò wa àkọ́kọ́ nínú yàrá kan ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀ nílùú yìí, lórí ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ tó máa ń húkọ́ bí àgbàlagbà. A fi àkọsílẹ̀ ọjà àtẹ̀yìnwá dán an wò. Èrè ló ń pa ṣáá. A fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ wá mọ́tò wò. Ohun tá a gbàgbé ni ìlà. Nínú ìdánwò wa, bí iye bá ti kan tiwa báyìí, a ó kà á pé a ti rà. Lọ́jà gidi, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti tò síwájú wa ní iye kan náà. Bí iye bá kàn án tó sì padà sókè, àwọn tó wà níwájú ló rà á, àwa ò rí nǹkan kan. Bí iye bá kàn án tó sì ń já lọ ní tirẹ̀, ìgbà náà ni ó tó kàn wá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nígbà tó dára, a ò sí níbẹ̀. Nígbà tó burú, àwa rèé.

Nígbà tá a wá fi owó díẹ̀ sí i, owó ara wa, nípasẹ̀ alágbàtà kan tí mi ò ní dárúkọ, ọkùnrin sányán dé. Ó kọjá agogo mẹ́wàá díẹ̀ nígbà tí ẹnì kan gba gbogbo ṣíà tá a fi síbi ìtà. Ètò wa fi òmíràn síta ní iye kan náà. Wọ́n gbà á. Ó tún fi síta. Ọ̀rẹ́ mi ń pàtẹ́wọ́. Èmi ń wo ojú kọ̀ǹpútà, ara mi ń tutù bọ̀, nítorí kò sẹ́ni tó ń ná an. Lọ́sàn-án ni ìròyìn jáde pé ilé iṣẹ́ tó ni ṣíà náà máa pín èrè tó ju bí ọjà ṣe retí lọ. Iye fò. A ti tà tán láàárọ̀. Kò sí ẹni tó jókòó lé àpò nínú ètò wa.

Àdánù tiwa kéré. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 2012, ilé iṣẹ́ Knight Capital, tó ń ṣe alárobọ̀ fún ọ̀pọ̀ oníṣòwò kékeré ní Amẹ́ríkà, fi ètò tuntun sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ mẹ́jọ. Wọ́n gbàgbé ọ̀kan. Ètò àtijọ́ tí wọn ò lò mọ́ láti 2003 ṣì wà lórí ìyẹn, ó sì jí. Ìránṣẹ́ igba ó lé méjìlá (212) péré ló wọlé fún un, ṣùgbọ́n ó ṣe ìdúnàádúrà tó ju mílíọ̀nù mẹ́rin lọ láàárín ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Dọ́là tó lé ní 440 mílíọ̀nù ló wọlẹ̀. Oṣù tó tẹ̀ lé e gan-an ni alárobọ̀ mẹ́wàá tiwa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lÉkòó. Láti ọjọ́ tí mo ti ka ìtàn yẹn, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń kọ sínú ètò kankan ni ibi tó ti máa ká aṣọ rẹ̀: bí àdánù bá tó iye báyìí, bí ìtà bá ju báyìí lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, pa gbogbo iye rẹ́, dákẹ́, kí o sì pè mí. Ìyẹn ni mo máa ń kọ kí n tó kọ ibi tó ti ń rà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ bi mí. Ṣé ẹ lè ṣe é fúnra yín lórí áàpù? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Lábẹ́ òfin wa, iṣẹ́ alárobọ̀ gidi, iṣẹ́ ẹni tó gbé iye méjì síta fún gbogbo ènìyàn, wà fún ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ. Oníbàárà kékeré lè ní kí alágbàtà òun bá òun kọ iye síbi ìrà àti síbi ìtà, ṣùgbọ́n owó bodè wà lójú ọ̀nà. Alágbàtà lè gbà tó ìdá 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tẹ́ ẹ bá rà, kó sì gba bẹ́ẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá tà. Àjọ tó ń ṣàkóso ọjà gba ìdá 0.3 níbi ìrà. Ọjà fúnra rẹ̀ gba 0.3 níbi ìtà; CSCS tó ń tọ́jú ṣíà gba 0.3 tirẹ̀, owó òǹtẹ̀ jẹ́ 0.08 nígbà kọ̀ọ̀kan. Bí alágbàtà bá gba iye tó ga jù, àpapọ̀ àwọn tí mo kà yìí jẹ́ ìdá 3.76. Ẹni tó bá fi ₦100,000 ra ṣíà tó ń lọ sí ₦20, tó sì tà á pẹ̀lú èrè 10 kọ́bọ̀ lórí ẹyọ kan, ₦500 ló jẹ. Owó bodè rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi ₦3,760. Ó fi ohun tó lé ní ₦3,200 sanwó ọkọ̀ fún ẹlòmíràn. Alárobọ̀ tó níwèé àṣẹ kì í san owó alágbàtà fún ara rẹ̀, ìyẹn ló fi lè jẹun láàárín àlàfo tóóró bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ètò tí mò ń kọ báyìí fún oníṣòwò kékeré kì í ṣe èyí tó máa sọ ọ́ di alárobọ̀. Ó ń bá a wo àlàfo iye méjì kó tó rà, ó ń sọ fún un bóyá àwọn tó wà níbi ìtà pọ̀ tó, ó sì ń bá a pín ìrà ńlá sí wẹ́wẹ́ kó má baà fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé iye sókè. Kò dùn ún gbọ́ létí bí "kọ̀ǹpútà tó ń pawó nígbà tó o bá ń sùn." Mo mọ̀.

Èyí tó dùn ún gbọ́ ti wá sí Ìbàdàn rí. Ní oṣù kẹrin 2025, àwọn tó kó owó sí CBEX, tó ń pariwo pé ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n ló ń bá wọn ṣòwò, tó sì ṣèlérí pé owó á di ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan, rí i pé wọn ò lè gba owó wọn mọ́. Àwọn kan ya wọ ọ́fíìsì CBEX ní Òkè-Àdó, wọ́n gbé àga, wọ́n gbé ohun tí ọwọ́ wọn bà. Àjọ tó ń ṣàkóso ọjà ní àwọn ò forúkọ wọn sílẹ̀ rí. Aládùúgbò mi kan wà nínú àwọn tó sọ owó nù. Ó bi mí pé ṣé ẹ̀rọ tiwọn yẹn ò dáa tó tèmi ni. Mo bi í pé, "Ta ló wà lódìkejì? Ta ló ń tà fún un nígbà tó ń rà?" Kò mọ̀. Ẹ̀yin aláṣọ òfì, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun jèrè lórí ẹtù, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ahunṣọ rẹ̀ àti oníbàárà rẹ̀.

Ohun tó gbé mi wá síbí gan-an ni mo fẹ́ fi parí ọ̀rọ̀ mi. Ètò mi ò tíì mọ ìgbà tó yẹ kó jókòó lé àpò. Mo ti ka ìwé tí mo lè kà lórí rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó síwájú mi yìí ń ṣe é lójoojúmọ́ ọjà, ẹ ò sì kọ ọ́ sílẹ̀ rí. Mo bẹ̀ yín, fún ọjà mẹ́ta péré, ẹ jẹ́ kí n jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ yín. Ìwé àti bírò ni n ó mú dání, mi ò ní ya ẹnikẹ́ni ní fọ́tò. Nǹkan mẹ́rin ni mo fẹ́ máa kọ: iye tẹ́ ẹ kọ́kọ́ dá fún ahunṣọ, iye tẹ́ ẹ kọ́kọ́ dá fún oníbàárà, iye aṣọ tó kù ní ìsọ̀ nígbà náà, àti ìṣẹ́jú tẹ́ ẹ sọ pé ó ti tán nígbà tí kò tíì tán.

Mo ti bá ìyálọ́jà sọ ọ́ láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní kò burú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa jókòó ní ìsọ̀ àwọn fún ọjà mẹ́ta, kó kọ́kọ́ ra aṣọ. Mo ní mo gbà, ẹtù ni mo fẹ́. Wọn ò tíì dá iye fún mi.